Kó o tó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì: bó o ṣe máa yan ọ̀gá, bó o ṣe máa kọ́ ọ, àti ibi tó o ti máa gba ìwé ẹ̀rí

Kò sí oṣù kan tí ẹnìkan ò ní wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù n'Íbàdàn níbí pé ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi parí sẹ́kọ́ńdírì, kò rí yunifásítì wọ̀, a fẹ́ fi sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì, ṣé ẹ máa gbà á? Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé ọmọ náà fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó wù ú? Torí iṣẹ́ yìí ti kúrò ní ibi tí wọ́n ń da ọmọ tí ìwé ò wọ orí ẹ̀ sí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Mọ́tò ìsìnyí, kọ̀ǹpútà ló wà nínú ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan, ti ẹ́ńjìnì wà, ti bíréèkì wà, ti airbag (àpò tó ń wú láti gba èèyàn là tí mọ́tò bá kọlu nǹkan) wà, gbogbo wọn ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà. Ọmọ tí ò fẹ́ kàwé rárá, ìyà máa jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Mo ti lé lógún ọdún nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni mo ti kọ́ ọ, mo wá padà lọ gba ìwé ẹ̀rí nígbà tó yá, èmi náà sì ti gbé ọmọṣẹ́ jáde. Ìwọ àbúrò mi tó ń ronú ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa sanwó. Tó o bá máa mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, eléyìí ni kó o mú: wá ibi tí wọ́n á ti kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń wá ìdí ohun tó ń ṣe mọ́tò. Títú àti dídè, ẹnikẹ́ni lè kọ́ ìyẹn láàárín ọdún kan. Wíwá ìdí ló ń sọ èèyàn di mẹkáníìkì.

Ẹ̀ka wo lo fẹ́?

Lọ́dọ̀ wa níbí, a ti pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ látijọ́. Mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe wà lọ́tọ̀, rewáyà tó ń rí sí iná mọ́tò wà lọ́tọ̀, pánẹ́ẹ̀lì bítà wà, pẹ́ńtà wà, àwọn tó ń ṣe AC wà, àwọn tó jẹ́ pé gíá nìkan ni tiwọn náà wà. Nígbà tó jẹ́ Peugeot 504 àti Datsun là ń tún ṣe, ìyẹn dáa, kábúrétọ̀ ló ń fún ẹ́ńjìnì lépo, mẹkáníìkì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kó má fọwọ́ kan wáyà kankan ju ti plọ́ọ̀gì lọ. Àmọ́ Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle tó ń wọlé wá bá ẹ lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń pinnu iye epo tí ínjẹ́tọ̀ máa tú sílẹ̀, òun ló ń sọ ìgbà tí plọ́ọ̀gì máa ṣáná, kódà bí awakọ̀ ṣe fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì kó lè sáré, wáyà ló ń gbé ìròyìn ẹ̀ lọ síwájú, kò sí okùn níbẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì tí ò mọ iná, ààbọ̀ iṣẹ́ ló mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀ka tó bá wù ẹ́ ni kó o yàn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì lo yàn, bẹ ọ̀gá ẹ kó jẹ́ kó o lo oṣù mẹ́fà ó kéré tán lọ́dọ̀ rewáyà. Tó bá jẹ́ rewáyà lo yàn, lọ mọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń mí.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin náà ńkọ́? Ẹ wá o. Sandra Aguebor ti ń ṣe mẹkáníìkì láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé kò ṣeé ṣe, ó sì dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ l'Ékòó láti máa kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi náà ti kọ́ ọmọbìnrin kan rí, ọwọ́ ẹ̀ kéré, ó máa ń dé ibi tí ọwọ́ tèmi ò lè dé lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, kì í sì í kánjú.

Bó o ṣe máa yan ọ̀gá

Ibí ni mo fẹ́ kó o ti fara balẹ̀ jù, torí bí ọ̀gá ẹ bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ìwọ náà á ṣe máa ṣe é, wàá kàn rí i pé ó ti mọ́ ẹ lára. Má lọ bá ọ̀gá kan kìkì nítorí pé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò jìnnà sílé tàbí pé òun àti dádì ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Lọ jókòó síbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, lọ láàárọ̀ nígbà tí mọ́tò ń wọlé, lọ lọ́sàn-án, tún lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé nígbà tí àwọn kọ́sítọ́mà ń wá gba mọ́tò wọn.

Fetí sílẹ̀. Tí mọ́tò bá wọlé, ṣé ọ̀gá náà máa ń béèrè ọ̀rọ̀? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé tó bá tutù ni àbí tó bá ti gbóná, ṣé ẹ ti gbé e lọ síbòmíì, kí ni wọ́n pààrọ̀ níbẹ̀? Ṣé ó máa ń wa mọ́tò náà lọ gbọ́ ọ fúnra ẹ̀? Àbí bó ṣe ń gbọ́ "ó ń gbọ̀n" báyìí ló ti ń ní kí wọ́n lọ ra plọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì tó ń fún un níná wá? Ọ̀gá tó ń bi kọ́sítọ́mà ní ìbéèrè, máa jókòó tì í, ọ̀pọ̀ nǹkan ni wàá gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ láìjẹ́ pé ó pè ẹ́ láti wá kọ́ ẹ.

Wo abẹ́ mọ́tò náà. Ṣé jáàkì nìkan ló gbé mọ́tò dúró tí ọmọ èèyàn fi sùn sábẹ́ ẹ̀, àbí wọ́n fi sítáńdì irin tì í? Ọ̀gá tí ò bìkítà bóyá mọ́tò á já lu ọmọṣẹ́ ẹ̀, kò ní bìkítà bóyá ọmọ náà mọṣẹ́. Wo bí wọ́n ṣe ń to nọ́ọ̀tì àti bóòtì tí wọ́n bá tú, ṣé inú abọ́ ni, àbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú iyanrìn. Wo bóyá síkánà tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò rí wà níbẹ̀ àti mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, bóyá wọ́n ń lò ó lóòótọ́.

Lẹ́yìn náà, kó o wá béèrè àwọn tó ti gba fìrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ẹ̀. Níbo ni wọ́n wà báyìí? Ṣé wọ́n ṣì ń wá kí i? Bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀gá ò sí nítòsí. Tó bá ti lo ọdún méjì ààbọ̀ tí wọn ò tíì jẹ́ kó dá bíréèkì ṣe rí, máa lọ. Iṣẹ́ ilé díẹ̀díẹ̀ kò burú, gbogbo wa la jọ pọn omi fún ìyàwó ọ̀gá, àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé ilé ọ̀gá ló ń wà lọ́jọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n gbà, wọn ò gba ọmọṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìwé àdéhùn. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń sọ, tí ọmọ bá kéré ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí síbẹ̀, iye tẹ́ ẹ máa san àti ìgbà tẹ́ ẹ máa san án, owó fìrídọ́ọ̀mù àti gbogbo ohun tí ẹ máa rà lọ́jọ́ náà, ẹni tó máa fún ọmọ lóúnjẹ ọ̀sán, ẹni tó máa san owó ọsibítù tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́. Kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n máa yọ̀ǹda ẹ̀ láti lọ ṣe trade test, ìyẹn ìdánwò ìjọba tó ń fi hàn pé èèyàn mọṣẹ́. Mo mọ ọmọ kan tó lo ọdún mẹ́fà torí àdéhùn ẹnu, ọ̀gá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, bàbá ọmọ ní ó sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wọn sọ ọ́ ti kú, ọmọ ló jìyà ẹ̀.

Ilé ìwé ńkọ́?

Àwọn kan á sọ fún ẹ pé ilé ìwé ò wúlò, ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ẹ̀. Àwọn tó lọ ilé ìwé náà á sọ pé àwa tá a kọ́ ọ lábẹ́ igi ò mọ nǹkan kan. Mo ti ṣe méjèèjì, ohun tí mo rí ni pé ṣọ́ọ̀bù máa fún ẹ lọ́wọ́, ilé ìwé máa fún ẹ ní ìdí.

Tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS3, o lè lọ Technical College, ọdún mẹ́ta ni, wàá sì ṣe ìdánwò NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, níparí ẹ̀, ìwé ẹ̀rí NTC (National Technical Certificate) ni wọ́n máa fún ẹ nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́tò. NABTEB yìí, ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀, Benin City ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, ìwé wọn sì ṣeé fi wọ pólì tó bá pé. L'Ékòó, LASTVEB, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ló ń bójú tó àwọn Technical College ìjọba, bíi ti Agídíngbí àti Ìkòròdú. Ìpínlẹ̀ yòókù náà ní tiwọn, lọ béèrè èyí tó sún mọ́ ẹ, kó o sì wọnú wọ́ṣọ́ọ̀bù wọn kó o tó gba fọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo tó ti dípẹtà ni wọ́n fi ń kọ́ àádọ́ta ọmọ, á jẹ́ pé gbogbo hólídé lo máa fi wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan nìyẹn, má fi jókòó sílé.

Tó o bá ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, má fi ibẹ̀ sílẹ̀ torí ìwé ẹ̀rí. Trade test wà, Ministry of Labour ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣe é, láti Grade III ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, kó o bọ́ sí II, kó o wá ṣe I. Wọ́n á bi ẹ́ ní ìbéèrè, wọ́n á sì ní kó o fọwọ́ ṣe é. NSQ (National Skills Qualification) tí NBTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń bójú tó náà wà, ohun tó o lè ṣe lójú wọn ni wọ́n fi ń wọ̀n ẹ́, so ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ lè gbà á. ITF (Industrial Training Fund) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971 náà máa ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, ẹ máa béèrè ní ọ́fíìsì wọn tó wà nítòsí yín. Kí ni ìwé yìí wà fún nígbà tí kọ́sítọ́mà ò ní béèrè ẹ̀? Iléeṣẹ́ tó ní mọ́tò ogún, báńkì, ọsibítù, ilé ìwé ńlá, wọn ò lè gbé iṣẹ́ fún ẹ láìsí ìwé. Ibẹ̀ ni owó tó ń wọlé déédéé wà.

Ìmọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kó o mú láti ilé ìwé, ibikíbi tó o bá lọ: kó o lè ka ìwé atọ́nà tí iléeṣẹ́ tó ṣe mọ́tò kọ, kó o sì lè wo àwòrán wáyà kó o mọ ibi tí iná ti wá àti ibi tó ń lọ. Èdè Òyìnbó inú ẹ̀ ò le, ọ̀rọ̀ bí irínwó péré ló ń tún ara ẹ̀ sọ nínú ẹ̀. Mú un bí ẹ̀kọ́ kéú, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọdún àkọ́kọ́

Fífọ irinṣẹ́ àti gbígbé sípánà ni wàá fi bẹ̀rẹ̀, má bínú sí i. Kó o mọ sípánà lójú láìwo nọ́ńbà ara ẹ̀. Mọ́tò Japan, 10, 12, 14, 17 ni wọ́n sábà máa ń lò, tó bá jẹ́ Peugeot tàbí Volkswagen tàbí Mercedes, wàá rí 13 àti 16 gan-an. Tó o bá fi 13 sórí bóòtì 12, ó máa dà bíi pé ó mú un, àmọ́ ó máa jẹ orí bóòtì náà, wákàtí kan gbáko lo máa fi yọ ọ́.

Bóòtì kankan, ọwọ́ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Fi ìka yí i títí á fi wọlé bí ìgbà mẹ́ta kó o tó gbé sípánà. Tí ìka ò bá lè yí i, ó ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé nìyẹn, tú u, tún un bẹ̀rẹ̀. Pàápàá plọ́ọ̀gì, torí orí ẹ́ńjìnì aluminium ò le bí irin plọ́ọ̀gì, tó o bá fipá wọ̀ ọ́, o ti ba ojú ìdè ẹ̀ jẹ́, owó ńlá ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Tó o bá sì fẹ́ dè é gbẹ̀yìn, gbogbo bóòtì ló ní bó ṣe yẹ kó le tó. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla, 103 Nm ni Toyota kọ fún un, kì í ṣe kí ọmọ méjì gùn orí sípánà. Torque wrench ló ń sọ fún ẹ tó bá ti tó, ó máa dún kọ́ báyìí lọ́wọ́ ẹ.

Sáfíìsì ọ́ìlì, ìyẹn pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún ọmọṣẹ́, gbogbo èèyàn sì rò pé ó rọrùn. Wo eléyìí. Corolla 2003 tó lo ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE, lítà 3.7 ló ń gbà tó o bá pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú ẹ̀, àmọ́ lítà 4 ló wà nínú gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà, ọ̀pọ̀ á kàn da gbogbo ẹ̀ sí i pé kọ́sítọ́mà ti sanwó ẹ̀. Rárá. Da 3.5 sí i, stáàtì ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí fílítà mu tiẹ̀, pa á, dúró kó wálẹ̀, fa gééjì yọ, nù ún, tì í padà, fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì, kó o wá fi díẹ̀ kún un títí á fi dé àmì òkè. Èyí tó kù, fún onímọ́tò kó gbé e lọ sílé. Oríṣi ọ́ìlì náà, ìwé mọ́tò ló ń sọ ọ́, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á bá ṣe pọ̀ lọ́wọ́.

Mọ ohun mẹ́rin yìí sórí: afẹ́fẹ́, epo, iná, àti ìfúnpọ̀ tí a ń pè ní kọmpréṣàn. Ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù tí ò bá stáàtì, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò sí níbẹ̀ tàbí kò dé lásìkò, tí sítátà bá ti ń yí i. Má fọwọ́ kan nǹkan kan títí wàá fi mọ èwo ni.

Ohun tí mítà kọ́ mi

Ọdún kejì mi lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n wọ́ Corolla kan wá. Ó ń dún tá, tá, kò yí. Wọ́n ní sítátà ló kú. Èmi ni wọ́n rán lọ Àrárọ̀mí, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Gate, mo ra tòkunbọ̀ wá, a dè é, tá, tá. Wọ́n ní bátìrì ni, onímọ́tò ra bátìrì tuntun, tá, tá. Wọ́n ní sítátà tí mo rà ò dáa, wọ́n rán mi padà, wọ́n sì gbá mi létí kí n tó lọ. Ọjọ́ kẹta, bàbá rewáyà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rìn wá, mítà kékeré kan ló mú dání. Kò tú nǹkan kan. Ó fi ẹnu dúdú mítà náà lé orí bátìrì níbi nẹ́gẹ́tífù, ó fi ẹnu pupa kan irin ara ẹ́ńjìnì níbi tó mọ́, ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ ta á. Mítà ka 3.4. Ó ní, "Ọmọ, wò ó, kò yẹ kí eléyìí ju 0.2, 0.3 lọ. Iná tó yẹ kí sítátà fi ṣiṣẹ́, ojú ọ̀nà ló ń tán sí." Ó wá tú wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà dúdú tó ti bátìrì wá sára ẹ́ńjìnì, ìdí ẹ̀ ti yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ó fi sáńpépà ha á, ó dè é padà. Ẹ́ńjìnì yí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo rántí ojú onímọ́tò yẹn. Owó sítátà méjì àti bátìrì, wàhálà tí sáńpépà lè yanjú. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu irú mẹkáníìkì tí mo fẹ́ jẹ́, owó àkọ́kọ́ tí mo tù jọ, mítà ni mo fi rà.

So kó o tó ra síkánà, ra mítà. Mọ̀ pé bátìrì tó kún tó sì ti sinmi, bíi 12.6 volt ló yẹ kó kà, tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín bíi 13.8 sí 14.5, tó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn, wo altánétọ̀ tó ń ṣáàjì bátìrì àti bẹ́líìtì ẹ̀ àti wáyà ẹ̀. Fi mọ́tò tó dáa kọ́ ọ, kó o lè mọ ohun tó dáa kó o tó máa wá ohun tó bàjẹ́.

Síkánà ò ní sọ ohun tó o máa rà

Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ pé gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní OBD-II, ojú ihò 16 tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀. Torí pé tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù lójú títì wa, ojoojúmọ́ lo máa lò ó. Àṣìṣe tí mo ń rí ni pé ọmọ á ki síkánà bọ̀ ọ́, á ka kóòdù, á ní kí wọ́n lọ ra ohun tí orúkọ ẹ̀ jáde. Kóòdù kì í sọ ohun tó bàjẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà rí ló ń sọ, ibi tó o ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nìyẹn.

Wo àpẹẹrẹ kan. Mọ́tò ń gbọ̀n, síkánà ka P0301. Ìyẹn ni pé sìlíńdà kìíní ń fo iná. Ó lè jẹ́ kọ́ìlì, ó lè jẹ́ plọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ ínjẹ́tọ̀, ó lè jẹ́ kọmpréṣàn. Má ra nǹkan kan. Pa ẹ́ńjìnì, yọ kọ́ìlì orí sìlíńdà kìíní, gbé e sórí ìkejì, gbé ti ìkejì wá sórí ìkíní. Pa kóòdù náà rẹ́, wà á lọ díẹ̀, tún kà á. Tó bá ti di P0302, kọ́ìlì náà ló bàjẹ́, ó gbé àìsàn ẹ̀ dání lọ síbi tó o gbé e lọ. Tó bá ṣì jẹ́ P0301, kọ́ìlì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, bọ́ sórí plọ́ọ̀gì, kó o ṣe é bákan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kọ́bọ̀ ò jáde lápò ẹnikẹ́ni. P0171 náà ńkọ́? Ẹ́ńjìnì ń rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju epo lọ. Ọ̀pọ̀ á lọ ra oxygen sensor, ohun tó ń wọn atẹ́gùn inú èéfín, nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà kan ló ya lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń wọn afẹ́fẹ́. Fojú wá a, fetí gbọ́ ọ, ó máa ń dún ṣíìì bí ejò.

Kó o ní ìwé kékeré kan. Mọ́tò wo ni, ọdún wo, kí ni onímọ́tò sọ, kóòdù wo, kí lo wọ̀n, kí ló padà jẹ́. Mo ṣì ní tèmi láti ọdún kẹta mi, epo ti ba ewé ẹ̀ jẹ́, mo ṣì ń ṣí i wò.

Ara ẹ náà, tọ́jú ẹ̀

Má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e, kódà tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan, kódà tí ọ̀gá bá ní kó o wọ̀ ọ́. Jáàkì máa ń já láìkìlọ̀. Má ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ nígbà tó bá gbóná, omi inú ẹ̀ gbóná ju omi tó ń hó lọ torí pé wọ́n dé e pa, ó máa bó èèyàn lójú. Má fẹnu fa pẹtiróòlù, tó bá gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ, ó lè pa ẹ́. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti lò, tó bá ń wà lára ẹ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara, nítorí náà wọ gílọ́ọ̀fù, fi ọṣẹ fọwọ́, má fi pẹtiróòlù fọ ọ́. Tó o bá fẹ́ tú sítíárìn tàbí ohunkóhun tí wáyà yẹ́lò airbag wà lára ẹ̀, tú nẹ́gẹ́tífù bátìrì kó o dúró fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ó kéré tán.

Mọ́tò hybrid, èyí tó ń lo epo àti bátìrì ńlá pa pọ̀, ti ń pọ̀. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó o bá rí nínú ẹ̀, má fọwọ́ kàn án títí wọ́n á fi kọ́ ẹ. Bátìrì ńlá inú Prius lé ní 200 volt, bíi ti iná ilé, kì í sì í jẹ́ kọ́wọ́ tètè jáwọ́ lára ẹ̀. CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ láti fi wa mọ́tò, náà dé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ìjọba sì ṣètò kí wọ́n máa yí mọ́tò padà sí gáàsì. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ gan-an, àmọ́ nǹkan bíi 200 bar ni gáàsì inú sìlíńdà yẹn fi ń ti ara ẹ̀, táyà mọ́tò kékeré kì í sì í sábà ju bíi 2.5 lọ, ẹ fi wéra. Lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n ti ní àṣẹ. Mo bẹ̀ ẹ́, má wo fídíò kó o lọ so sìlíńdà mọ́ bútù ẹnìkan.

Tó o bá fẹ́ gba fìrídọ́ọ̀mù

Má dúró di ọdún ìkẹyìn kó o tó máa ra irinṣẹ́. Owó tí kọ́sítọ́mà bá fún ẹ pé kó o fi jẹun, pín in. Kọ́kọ́ ra sípánà ríìngì àti fúláàtì láti 8 sí 19, bọ́ sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì, mítà, sítáńdì méjì, torque wrench, lẹ́yìn ẹ̀ ni síkánà. Ra èyí tó dáa lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, sípánà pọ́kú máa ń ṣí lẹ́nu, ó máa ba bóòtì oníbóòtì jẹ́.

Lẹ́yìn fìrídọ́ọ̀mù, tó o bá rí ọ̀nà, lọ fi ọdún kan tàbí méjì ṣiṣẹ́ gbowó oṣù ní iléeṣẹ́ tó ní lift tó ń gbé mọ́tò sókè àti ìwé atọ́nà kó o tó dá dúró. Àwọn tó bá ń ronú òkè òkun, ẹ mọ̀ pé l'Ámẹ́ríkà, ìdánwò ASE ni wọ́n ń wò, ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì sì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè kó o tó gba ìwé náà, so máa kó ẹ̀rí iṣẹ́ ẹ pa mọ́ láti ìsìnyí, fọ́tò, lẹ́tà, rìsíìtì.

Tí kọ́sítọ́mà bá dé ṣọ́ọ̀bù tìẹ, kọ iye tó máa ná an sílẹ̀ kó o tó tú u, gba owó fún àyẹ̀wò lọ́tọ̀, kó o sì dá ohun tó o yọ padà fún un nínú ọ̀rá kó rí i. Àwọn kan ò fẹ́ sanwó àyẹ̀wò rárá, wọ́n á ní ṣebí o kàn wò ó ni. Ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú sùúrù, sọ ìtàn sítátà méjì yẹn fún wọn tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Fún ìsìnyí ṣá, Sátidé tó ń bọ̀, wọ aṣọ tí ò ní dùn ẹ́ tó bá lépo, mú bírò àti ìwé kékeré dání, lọ kí ọ̀gá kan, tọrọ ààyè kó o jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, kó o sì ka iye ìbéèrè tó bi onímọ́tò kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.